Corolla tàbí CR-V: ọkọ̀ àgbà méjì àti ọ̀nà oko kan ní Bùnú

Ní ìparí oṣù kẹta ọdún tó kọjá, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ pè mí láti ilé wọn ní Kàbà. Mo ní, "Ọ̀kún o, Bàbá." Kí n tó gbẹ́nu kúrò, wọ́n ti bi mí: "Corolla àti CR-V, èwo ni ká rà?" Corolla ni ọkọ̀ Toyota kékeré, CR-V ni jíìpù Honda. Mo béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ máa gbé e lọ. Wọ́n ní oko ni, ní Bùnú. Mo ní kí wọ́n ra CR-V. Gbogbo ẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi bí ẹni tó ṣoore.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi san gbèsè ìdáhùn yẹn. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin mẹkáníìkì ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá èèyàn yẹ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó sanwó. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, bá a ṣe jọ fẹnu kò sí nìyẹn.

Bàbá àti ìyàwó wọn, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Iye, ní oko kajú àti iṣu ní ilẹ̀ Bùnú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ apá ibẹ̀ mọ bí ọ̀nà ṣe rí. Ọ̀dà á bá yín dé ibì kan, á sì dágbére. Láti ibẹ̀ dé oko wọn jẹ́ kìlómítà mẹ́rin ilẹ̀ pupa, odò kékeré kan tí kò ní afárá wà níbẹ̀, òkè kan sì dìde lẹ́yìn odò náà tó jẹ́ pé bí òjò bá rọ̀, ẹsẹ̀ èèyàn gan-an ò dúró lórí ẹ̀. Peugeot 504 ni Bàbá ń gbé gun òkè yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí Kwara ṣì ń san owó oṣù wọn ni wọ́n rà á, kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991. Ọkọ̀ náà ti wá di ilé adìyẹ báyìí, lẹ́yìn ilé.

Ọkọ̀ méjì ló délẹ̀. Corolla 2004 wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Lọ́kọ́jà, ẹ́ńjìnnì 1.8, jíà tó ń yí fúnra ẹ̀. CR-V 2003 wà lọ́wọ́ àbúrò Iye ní Ìsánlú, ẹ́ńjìnnì 2.4, fọ́-wíìlì, ìyẹn èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè fà. CR-V fi mílíọ̀nù kan lé díẹ̀ wọ́n ju Corolla lọ, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin wọn tó wà ní Abuja ti ní òun á fi owó kún un, pé Bàbá òun ò ní fi ọjọ́ ogbó gun ọkọ̀ tó ń fi àyà wọ́lẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti ní ẹbí nínú kí n tó gbé sípánà. Ọkọ̀ àbúrò ìyàwó lẹ̀gbẹ́ kan, owó ọmọ lẹ̀gbẹ́ kejì.

Corolla ni mo kọ́kọ́ lọ wò. Mo ti sọ fún ẹni tó ni ín pé kó má sitáàtì ẹ̀ kí n tó dé. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbóná. Mo kí i, mo dúpẹ́, mo ní mo ń bọ̀ lọ́la. Ó fajú ro, ṣùgbọ́n èmi kì í dá ẹjọ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti mú gbóná dè mí. Lọ́jọ́ kejì, agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ó tutù bí omi àmù. Ó jí lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín búlúù ò yọ. Omi rédíétọ̀ ló bà mí nínú jẹ́, ó pupa bí omi àgbàrá. Ẹnì kan ti ń bu omi ẹ̀rọ lásán sí i fún ìgbà pípẹ́. Ṣọ́ọ̀kù iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún ti ń sun ọ́ìlì. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ọjọ́ orí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni mo wò, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí ohun tó pamọ́. Ká ní 2005 sí 2008 ni, mi ò bá tún béèrè nípa kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì rẹ̀, nítorí Toyota fúnra wọn pe àwọn ọdún yẹn padà ní Amẹ́ríkà ní 2010 nítorí rẹ̀. Ti 2004 ò sí nínú ìyẹn. Àpò afẹ́fẹ́ Takata, èyí tó lè bú kó sì ta irin sí èèyàn lára, kan ọkọ̀ méjèèjì, nítorí náà mo gba nọ́ńbà ṣáṣí wọn, mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fò ó nítorí pé kì í dún.

Ọjọ́ tí mo lọ sí Ìsánlú, àbúrò Iye ti se iyán sílẹ̀. Mo ní ká kọ́kọ́ wo ọkọ̀.

Nọ́ńbà ṣáṣí rẹ̀ ní RD7 nínú. Ẹ rántí èyí bẹ́ ẹ bá ń ra CR-V 2002 sí 2006 tó ti Amẹ́ríkà wá: RD7 ni fọ́-wíìlì, RD6 ni èyí tí iwájú nìkan ń fà. Nítorí náà, lórí ìwé, fọ́-wíìlì ni lóòótọ́. Ẹ́ńjìnnì náà dùn, jíà ń wọlé láì ta èèyàn nípàá, AC tutù. Mo ti fẹ́ máa fi iyán sọ́kàn.

Mo ní kí wọ́n bá mi gbé e sórí kòtò mẹkáníìkì kan tó wà nítòsí. Mo wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Purọ́pẹ́là, irin gígùn tó yẹ kó ti ibi jíà gbé agbára lọ bá dífù tó ń yí táyà ẹ̀yìn, ò sí. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ni. Mo tún tan iná sí i. Níbi tí irin náà ti yẹ kó so mọ́ iwájú, ọ̀rá dúdú, irú èyí tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, ni wọ́n wé mọ́ ọn, wọ́n sì fi róbà tíúbù kẹ̀kẹ́ so ó ní ojú mẹ́ta kí iyanrìn má bàa wọlé. Ẹni tó so ó fara balẹ̀. Ó tiẹ̀ ta kókó rẹ̀ síbi tí òkúta ò ní kàn án.

Mo jáde, mo béèrè. Àbúrò Iye ò sẹ́. Ó ní, "Mẹkáníìkì ní òun ló ń mu epo. Ó tún máa ń kùn bí mo bá ń yí kọ̀rọ̀, ó ní òun á bá mi yọ ọ́ kúrò kó sinmi." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ọdún méjì kọjá. Purọ́pẹ́là náà wà nílé, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ríńnì àárín rẹ̀ ti já.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ wa ni. CR-V yìí ò ní bọ́tìnnì tẹ́ ẹ máa tẹ̀ fún fọ́-wíìlì. Táyà iwájú ló ń fà á nígbà gbogbo. Nínú dífù ẹ̀yìn, póńpù kékeré méjì ló wà. Purọ́pẹ́là ló ń yí ọ̀kan, táyà ẹ̀yìn ló ń yí ìkejì. Bí iwájú àti ẹ̀yìn bá ń yára bákan náà, ọ́ìlì á kàn máa ti ọwọ́ ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ ìkejì, ohun gbogbo á parọ́rọ́. Bí táyà iwájú bá ń yọ̀, póńpù tirẹ̀ á yára ju èkejì lọ, ọ́ìlì á kóra jọ, á ti kílọ́ọ̀ṣì tó so purọ́pẹ́là mọ́ táyà ẹ̀yìn pa, agbára á sì dé ẹ̀yìn. Nígbà tí ọ́ìlì yẹn bá ti gbó, kílọ́ọ̀ṣì á máa gbá ara rẹ̀ mú bẹ́ ẹ bá ń yí kọ̀rọ̀ tó há, ìyẹn ló ń kùn. Lítà kan ọ́ìlì tó jẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe ọ́ìlì jíà lásán, ló sábà máa ń wò ó sàn. Ẹni tó yọ purọ́pẹ́là nítorí ariwo yẹn dà bí ẹni tó yọ eyín nítorí pé egungun ẹja há sí i. Ti epo tó ní ó ń mu, kílọ́ọ̀ṣì tí kò tíì pa ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, nítorí náà owó tí ìyẹn ń pa mọ́ kò tó ẹ̀kún ìgò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìdáhùn ìṣẹ́jú kan mi ti kú. Ọkọ̀ tí mo ní kí wọ́n rà nítorí oko jẹ́ ọkọ̀ táyà iwájú bíi Corolla gan-an, àfi pé ó ga jù ú lọ ní bí íńṣì méjì, ó sì wúwo jù ú lọ ní nǹkan bíi kílò 350.

Mo sọ fún Bàbá. Ọmọ wọn tó wà ní Abuja gba fóònù lọ́wọ́ wọn, ó ní kí n tún un ṣe, pé òun á san án. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé méjèèjì lọ sí oko bí wọ́n ṣe wà. Ẹni tó ni Corolla gbà nígbà tí Bàbá fi owó díẹ̀ sílẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, oṣù karùn-ún ti wọlé. A mú dírẹ́bà kan tó ń na ọ̀nà Bùnú lójoojúmọ́ dání, nítorí èmi mọ abẹ́ ọkọ̀, mi ò mọ òkè yẹn.

Corolla kọjá odò. Àyà rẹ̀ họ òkúta lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wa pa ojú dé. Ó gun òkè náà tán. CR-V kọjá odò láì kan ohunkóhun, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìdajì òkè, táyà iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan, ó ń da ẹrẹ̀ sára ara rẹ̀. Ó padà sẹ́yìn, ó tún sáré wá, ó tó gùn ún. Táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pá, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ àbúrò Iye ò lè wo ojú wa.

Inú Bàbá dùn, wọ́n ní kí a máa lọlé, pé Corolla ti jàre. Èmi gan-an ti fẹ́ gbà. Iye ló ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin, ṣé òfìfo la fi ń gun òkè yìí ni?"

Oko ti wà níwájú wa, iṣu àná ṣì wà nínú ahéré. A kó iṣu ogójì sí búùtù Corolla, Iye àti ọmọ-ọ̀dọ̀ kan jókòó sẹ́yìn. A sọ̀ kalẹ̀ sí odò láti padà gun òkè náà bí ìdánwò. Ní ìdajì, ó kọ̀. Táyà iwájú ń fò lórí ilẹ̀ bí adìyẹ tí wọ́n ki mọ́lẹ̀. Ariwo tí Bàbá pa ni mo ṣì ń gbọ́: "504 mi ń kó ọgọ́rùn-ún gun ibí yìí!"

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹ̀yìn ni 504 fi ń tì. Bẹ́ ẹ bá di iṣu sí búùtù rẹ̀, tó sì gbé imú sókè lórí òkè, gbogbo ẹrù náà ń tẹ táyà tó ń ṣiṣẹ́ mọ́lẹ̀. Corolla ń fi iwájú fà. Ẹrù kan náà, òkè kan náà, ló ń gbé ìwúwo kúrò lórí táyà tó ń ṣiṣẹ́. Bàbá ti wakọ̀ fún ogójì ọdún, ọwọ́ wọn ò tíì kan ọkọ̀ táyà iwájú rí. Wọ́n ń fi ìmọ̀ ọkọ̀ kan wọ́n ọkọ̀ mìíràn, èmi náà ò sì ronú láti bi wọ́n.

Dírẹ́bà wa rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Iye bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ n fi ẹ̀yìn gùn ún." Ó yí Corolla náà padà nísàlẹ̀, ó fi rìfáàsì, ó sì fi ìdí gun òkè yẹn pẹ̀lú iṣu ogójì nínú búùtù, ó ń wo ẹ̀yìn láti ojú fèrèsé. Bó ṣe jẹ́ pé imú ló wà nísàlẹ̀, ìwúwo padà bọ́ sórí táyà iwájú. Ó gùn ún láì yọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ti ka ìdí rẹ̀ nínú ìwé, mi ò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni ṣe é pẹ̀lú ẹrù. Ó ní bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí Toyota Carina, tí òun náà ń fi iwájú fà, ti lé 504 kúrò lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn èyí ni mo bá wọn ṣe ohun tí ọmọ Abuja fẹ́. Àbúrò Iye fúnra rẹ̀ ló san án, nítorí ìtìjú. A ra purọ́pẹ́là tòkunbọ̀, a dà ọ́ìlì dífù nù, a bu tuntun sí i, a wà á yí po pápá bọ́ọ̀lù kan, a tún pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí pé àkọ́kọ́ jáde bí kọfí. Ariwo náà lọ. A yá táyà mẹ́rin tó dọ́gba, nítorí bí táyà iwájú àti ẹ̀yìn kò bá ga bákan náà, àwọn póńpù yẹn á máa rò pé ọkọ̀ ń yọ̀ nígbà gbogbo. A padà sí òkè. CR-V gùn ún pẹ̀lú iṣu ogójì, èèyàn mẹ́ta, imú níwájú, bí ẹni ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ ó rò pé ó parí síbẹ̀. Mo gbé méjèèjì lọ sí Lọ́kọ́jà àti àbọ̀, lórí ọ̀nà kọnkéré Obajana, bíi kìlómítà 160 lápapọ̀. Ẹnu ẹ̀rọ kan náà ni mo ti bu epo kún wọn, ibi tó bá ti kọ́kọ́ gé ni mo ń dúró. Corolla gba lítà 13 padà. CR-V gba 18. Mo kọ ọ́ sórí bébà kan, mo gbé e síwájú wọn ní pálọ̀.

Bàbá dákẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, kò sí ẹni tó ń ka lítà márùn-ún sí ohun kékeré, pàápàá ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Ọmọ wọn lórí fóònù ní kí wọ́n má ro ti epo.

Iye dìde, ó bu kajú tútù láti inú àpò tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sílẹ̀ lórí ẹní. Ó ń gbé e kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì, mẹ́rin lóṣù. Ọjà, mẹ́jọ. Lọ́kọ́jà fún ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì àti dókítà ojú, méjì. Ìsìnkú àti ìgbéyàwó kàkiri Ìjùmú àti Yàgbà, ó gbé mẹ́ta, ó wo Bàbá, ó gbé ọ̀kan sí i. Oko, mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ó fi ìka ya méjì sọ́tọ̀ nínú mẹ́jọ ti oko. Ó ní, "Méjì yìí ni òkè ń yọ̀. Ní oṣù mẹ́rin péré lọ́dún. Kajú, ọkọ̀ akẹ́rù oníbàárà ló ń wá kó o. Ta ni a ń ra jíìpù fún?"

Ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ ló ń kọ̀, ẹ má gbàgbé. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀.

Wọ́n ra Corolla. A fọ rédíétọ̀, a pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù méjèèjì níwájú, a fi táyà mẹ́rin tuntun sí i, owó ọmọ Abuja ló ṣe é. Nínú oṣù kẹjọ, ọ̀nà náà burú ju ohun tí kajú Iye sọ lọ. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní ilé mọ̀lẹ́bí kan níbi tí ọ̀dà parí sí, tí wọ́n gun ọ̀kadà wọlé. Ní oṣù kẹsàn-án, òkúta inú odò náà gbá sọ́mpù, ìyẹn àwo ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ya. Ọ̀nà ni ọ́ìlì tán sí, orí ló yọ ẹ́ńjìnnì náà, Bàbá rí iná pupa, wọ́n pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀bi èmi nìyẹn. Mo ti rí bó ṣe họ òkúta lọ́jọ́ ìdánwò, mo pa ojú dé pẹ̀lú àwọn yòókù, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n jó irin pẹlẹbẹ kan sábẹ́ rẹ̀. Wẹ́dà kan ṣe é lọ́jọ́ kan péré lẹ́yìn náà.

Nísinsìnyí, bí ẹnì kan bá bi mí èwo ló dáa jù, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè ni ọkọ̀ tó ń wà tẹ́lẹ̀. Mo ń béèrè ẹrù tó ń gbé àti ibi tó ń kó o sí. Mo ń ní kó ka ìrìn-àjò oṣù kan fún mi, kí aya rẹ̀ wà níbẹ̀, torí ọkùnrin máa ń ka ọ̀nà tó burú jù ní ẹ̀ẹ̀mejì. N kì í sì gba fọ́-wíìlì gbọ́ lẹ́nu ìwé mọ́, àfi kí n wọ kòtò. Bí ẹni tó ń tà bá ní kò sí kòtò nítòsí, mo máa ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ kí n sùn sábẹ́ rẹ̀.

CR-V náà ṣì wà káàkiri. Àbúrò Iye tà á ní oṣù kọkànlá fún oníṣòwò kan. Ṣáájú Kérésì, ọkùnrin náà gbé e wá sọ́dọ̀ mi láì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n, ó ní ẹ̀yìn ń dún. Mo wọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti tún yọ purọ́pẹ́là náà kúrò. Ọ̀rá funfun ló wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n so ó játijàti. Ohun tó ń dún jẹ́ búùṣì lásán. Mo bi í ibi tó ń gbé e lọ. Ó ní Kàbà sí Lọ́kọ́jà nìkan, kò tíì wọ oko rí láyé rẹ̀. Mo yí búùṣì náà padà. Mo wá ọ̀rá tó nípọn, mo sì bá a so ó dáadáa.